Adìyẹ Tó Ṣáájú Bàbá Mi Wọ Kànga

Tí mo bá sọ fún àwọn èèyàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé wolé-wolé ni mí, ṣe ni wọ́n máa ń yọ ṣùtì sí mi. "Ìwọ tó kàwé tó báyìí, ṣáláńgá lò ń yọjú wò kiri?" Ó máa ń bí mi nínú, mi ò ní purọ́. Nínú àwọn tí a jọ jáde nílé-ẹ̀kọ́ wolé-wolé, ọ̀kan wà níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà, òun ló ń rí i pé kò sẹ́ni tó sún mọ́ katapílà láìdé akoto. Ọ̀kan wà níbi tí wọ́n ti ń sun kaṣú, òun ló ní kí wọ́n la fèrèsé kí èéfín ráyè jáde. Òmíràn wà lọ́sibítù, abẹ́rẹ́ àlòkù ò gbọdọ̀ sọnù mọ́ ọn lójú. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Àmọ́ kì í ṣe torí pé iṣẹ́ wà ni mo ṣe yàn án. Bàbá mi ló fà á, àti adìyẹ mi kan.

Iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ni bàbá mi ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá lọ sísàlẹ̀, wọn á pè é pé kó wá gbẹ́ kànga wọn jìn sí i. Ó ní láti kọ́kọ́ fa omi tó kù kúrò, bẹ́ẹ̀ kànga tó bá ti jìn, ẹ̀rọ kì í lè fa omi rẹ̀ látòkè. Nítorí náà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi okùn so ẹ̀rọ oní-pẹtiróòlù, wọn á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga, á máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tómi bá tán, wọn á pa á, wọn á fà á jáde, ẹni tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ á sì wọlé lẹ́yẹ-ò-sọkà. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé òkè ni èéfín máa ń gbà lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wáẹ̀kì tán lọ́dún tí ọ̀rọ̀ adìyẹ yìí ṣẹlẹ̀. Ilé tó tẹ̀lé tiwa ni wọ́n pe bàbá mi sí, èmi ni mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un. Adìyẹ mi, tí mo ti ń sìn láti kékeré, tẹ̀lé mi lẹ́yìn. Bàbá mi ti fa ẹ̀rọ jáde, ó ti so okùn mọ́ ìdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lẹ́nu kànga nígbà tí wolé-wolé àdúgbò wa wọlé. Obìnrin kúkúrú kan ni. Bàbá mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ọjọ́ tó ti ní ká gbẹ́ ṣáláńgá wa síbòmíràn ló ti ń pè é ní ọ̀gá ṣáláńgá.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ̀rọ tí mo gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè, ṣé inú kànga yìí ló wà?"

Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ òun ti gbé e jáde.

"Ẹ má tíì wọlé, sà. Èéfín rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀."

"Màdáámù, ṣáláńgá niṣẹ́ tiyín. Ẹ fi kànga sílẹ̀ fún wa. Mo ti ṣe Bísímílàì."

"Bísímílàì dáa, bàbá. Ẹ jẹ́ kí nǹkan mìíràn ṣáájú yín."

Kí n tó mọ̀, ó ti ki adìyẹ mi mọ́lẹ̀, ó so ó lẹ́sẹ̀, ó fi sínú garawa tí wọ́n fi ń fa yẹ̀pẹ̀, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo bú u nínú mi, èébú tí mi ò lè kọ síbí. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín, aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Kò ju àsìkò tí èèyàn fi ń kí rákáà méjì lọ tó ní ká fà á sókè.

Adìyẹ mi ti kú. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, ọrùn rẹ̀ kàn rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Bàbá mi fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́nu kànga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bú sẹ́kún, kì í ṣe torí adìyẹ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn obìnrin yẹn fún títí dòní ni pé kò fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ì bá ṣe èmi ni, mà á ti sọ̀rọ̀ gún un lára. Ó lóṣòó tì í, ó ṣàlàyé pé èyí tó ń pani nínú èéfín ẹ̀rọ, ojú ò lè rí i, imú ò lè gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n má sọ ẹ̀rọ sínú kànga mọ́ láé. Ó wá kọjú sí mi. "Má bínú, ọmọ mi. Mi ò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ni." Lónìí, mo ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú báàgì mi tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú kànga ṣe rí. Mo sọ̀ ọ́ sínú kànga kan ní Ìrẹsà lọ́sẹ̀ tó kọjá, onílé ń yọ ṣùtì, mo sì pa ẹnu mi mọ́ bíi ti obìnrin yẹn. Kò rọrùn fún mi.

A kì í jẹ òkú ẹran nílé wa. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ihò tó sin adìyẹ náà sí, ó sì gbẹ́ ẹ jìn ju bó ṣe yẹ lọ. Bó ti ń fẹsẹ̀ tẹ yẹ̀pẹ̀ mọ́lẹ̀, tí kò wojú ẹnikẹ́ni, ó ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yín? Ọmọ mi yìí ti ṣe wáẹ̀kì tán."