Agbẹnusọ Onígìtá

Ẹ ò ní ṣì wá mọ̀ tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ wa. Obìnrin méjì la wà níbẹ̀. Èyí tó dúró nídìí áyọ́ọ̀nù, tí òógùn bò bí ẹni tí òjò pa, èmi nìyẹn. Èyí tó jókòó sórí àpótí ọṣẹ, tí ẹnu ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tí ọwọ́ ẹ̀ ń sinmi, òun ni Ìyàwó Onígìtá. Àjọni la ni ṣọ́ọ̀bù náà. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni a ò jọ ni.

Ọkọ ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Onígìtá. Olórin rọ́ọ̀kì ni, onírun yàwìrì, tó máa ń fi gìtá oníná pariwo débi pé abọ́ inú ilé kejì á máa gbọ̀n. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ò tíì mọ ìrìn nígbà tí àìsàn mú bàbá ẹ̀ lọ. Wọ́n sin ín, a sunkún, a gba kámú. Ìyàwó ẹ̀ nìkan ni kò gbà. Láti ìgbà náà ló ti ń bá a sọ èrò ọkàn ẹ̀ fáráyé, lórí ọ̀rọ̀ gbogbo, títí kan ọ̀rọ̀ tí ò tíì délẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà wà láàyè.

Onílé wa fẹ́ fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ilé. Ìyàwó Onígìtá fọwọ́ pa àgbọ̀n, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ó mà ṣe o. Onígìtá kórìíra àwọ̀ ewé. Ó ní kàkà kí òun gbé inú ilé tó dà bí ọ̀pọ̀lọ́, òun á tẹ́ ẹní síta.” Onílé yìí, nígbà èwe ẹ̀, òun náà ti dá irun yàwìrì sí nítorí Onígìtá. Funfun ló kun ilé náà. Funfun ọ̀hún gan-an sì ni obìnrin yìí ti ń bẹ̀ ẹ́ fún tipẹ́, tí kò dá a lóhùn.

Kò yọ èmi náà sílẹ̀. Ó ní Onígìtá máa ń sọ pé ẹni tí apá ẹ̀ bá le ló yẹ kó máa lọ aṣọ. Mo ní, “Ìgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?” Ó ní, “O ò sí níbẹ̀.” Ẹ gbà mí, ta lèèyàn á pè lẹ́rìí? Mo gbé áyọ́ọ̀nù, mo sì ń lọ aṣọ títí dòní.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá kan hipihọ́ọ̀pù ni pé àwọn ọ̀dọ́ kan kó sí ilé ẹ̀gbẹ́ wa, wọ́n á sì máa gbé orin ráàpù sókè lọ́sàn-án gangan, àsìkò tí Ìyàwó Onígìtá, ọ̀rẹ́ mi yìí, máa ń sùn lórí aṣọ oníbàárà. Ó jáde sí wọn. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, Onígìtá ò lè fojú rí orin yìí. Ó ní ẹni tí ò mọ orin kọ ló ń fi ọ̀rọ̀ sáré.” Wọ́n pa orin náà. Ó padà wá sùn. Àmọ́ Onílù ń kọjá lọ, ó sì gbọ́. Onílù yìí ló ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ Onígìtá, ó sì ti pẹ́ tí inú ti ń bí i pé àwọn oníráàpù gba gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣeré mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn ju oyin lọ. Kò síbi tí kò gbé e dé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọkùnrin oníráàpù kan, tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi, bẹ̀rẹ̀ sí kó aṣọ wá fún wa. Òkìtì aṣọ ni o, funfun báláú, tí gbogbo ẹ̀ ń fẹ́ áyọ́ọ̀nù. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Màámi, ká ní bàbá wà, kí ni wọ́n á sọ nípa iṣẹ́ wa?” Mo rí i bí ojú ọ̀rẹ́ mi ṣe lọ sára òkìtì aṣọ náà, tó padà. Ọwọ́ ti dé àgbọ̀n. Ó ní, “Onígìtá? Á fẹ́ràn yín kú. Ó ní ariwo tí àwọn àgbà bá ń sá fún, inú ẹ̀ ni orin wà.” Omi ń bọ̀ lójú ọmọ náà. Èmi, mo fi áyọ́ọ̀nù jó ara mi níka.

Bẹ́ẹ̀ ni rédíò fẹ́ ṣe àṣeyẹ ìrántí fún Onígìtá. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó wà nídìí ètò náà ní kí ọmọ Onígìtá wá ṣe ráàpù lórí orin bàbá ẹ̀, kí ẹgbẹ́ bàbá ẹ̀ máa lùlù sí i. Ọmọ yìí, iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ló ń ṣe. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe ráàpù nínú balùwẹ̀, tó rò pé a ò gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dúró níwájú èèyàn nìyí, ó sì ń fẹ́ ẹ débi pé kì í lè jẹun. Onílù ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ pé ìyàwó olóògbé fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ọkọ òun kórìíra ráàpù, tí ọmọ bá fi lè ṣe é, àwọn ò ní lù. Ẹnu-Ò-Sinmi gba máìkì. Ó ní irọ́ ni, ìyàwó olóògbé fẹnu ara ẹ̀ sọ fún òun pé Onígìtá á fẹ́ràn ẹ̀.

A ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, mo wo ọ̀rẹ́ mi.

Ó ní, “Rédíò yìí ò gbé ohùn jáde dáadáa.”

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo wọn wọlé dé: sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀, Onílù, Ẹnu-Ò-Sinmi, ọmọ Onígìtá sì tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n kún àárín aṣọ tí a fi kọ́.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, nínú méjèèjì, èwo ni ká mú?”

Ọ̀rẹ́ mi wú ikọ́. “Ẹ rí i, Onígìtá jẹ́ ẹni tó máa ń yí èrò padà. Bó bá kórìíra nǹkan láàárọ̀, bó bá di ọ̀sán...”

Mo ní, “Ọ̀sán wo? Ṣé inú ilẹ̀ tó wà yẹn ló ti yí i padà?”

Ó wò mí bíi pé kó da omi ọṣẹ sí mi lórí. Ẹnu-Ò-Sinmi rẹ́rìn-ín, Onílù ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé.

Ẹnu ọ̀nà ni ọmọ náà dúró sí. Ó ní, “Màámi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ hipihọ́ọ̀pù ni mo bá wá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá mi á fẹ́ gbọ́ ohùn mi.”

Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi dé àgbọ̀n. Mo ní nínú mi pé irọ́ ti dé. Ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ó ní, “Mi ò mọ̀. Ó kú kí orin yẹn tó wọ àdúgbò wa. Gbogbo ohun tí mo ti ń ní ó sọ, èmi ni mò ń fi sí i lẹ́nu.”

Onílù wá ibì kan jókòó. Apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí ló bọ́ sí.

Ọmọ ní, “Kí ló dé, Màámi?”

“Tí n bá sọ tèmi, wọn kì í dá mi lóhùn. Tí n bá ní òun ló sọ ọ́, kíá ni. Àti pé tí mi ò bá gbẹnu sọ fún un, ibo ni mo tún ti fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀?”

Èmi tí wọ́n ní mo le bí òkúta, mo ń nu ojú. Àfi ìgbà tí òórùn èéfín gba ilé kan ni mo rántí pé mo ti fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí kóòtù funfun Ẹnu-Ò-Sinmi. Ẹnu-Ò-Sinmi ní kò séwu. Kò tíì rí ibi tó jó.

Ọ̀rẹ́ mi nu imú. Ó ní kí ọmọ ẹ̀ ṣe ráàpù náà kí òun fi etí ara òun gbọ́. Ọmọ kọ́kọ́ ń tijú, lẹ́yìn náà ó ṣe é, kò sáré rárá:

“Gbogbo ayé mọ ohun tí bàbá mi fẹ́,
ẹni tí ò bá a pàdé rí ń júwe ẹ̀ fún mi.
Èmi tí mo jẹ́ ọmọ bíbí inú ẹ̀,
mi ò mọ̀ bóyá ó gbé mi rí.”

Ìyá ẹ̀ dìde lórí àpótí ọṣẹ. “Ó gbé ọ. Èyí, mo mọ̀ ọ́n. Kì í gbé ọ sílẹ̀.”

Ọmọ wo ìyá ẹ̀ títí, ó ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parọ́ eléyìí fún mi.”

Mo ti bínú sí obìnrin yìí títí láyé mi, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ lákòókò yẹn ṣe mí láàánú. Òótọ́ kan ṣoṣo ló ní lọ́wọ́, ó sì ti fi irọ́ na gbogbo ìgbàgbọ́ wa tán. Ó yíjú sí Onílù. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un.”

Onílù wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé tí òun bá jẹ́rìí sí i, òun ò lè kọ̀ láti lùlù fún ọmọ náà mọ́.

Ó ní, “Òótọ́ ló sọ. Kò wá síbi ìdánrawò mọ́ látìgbà tí wọ́n bí ọ. Mo lọ bá a nílé kí n lọ bínú sí i. Orí àyà ẹ̀ lo wà. Bí mo ṣe la ẹnu, ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀, ọmọ òun ń sùn. Onígìtá ló ní kí n rọra sọ̀rọ̀.”

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Onílù jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn, ó wá bi í bó ṣe máa fẹ́ kí ìlù náà yá tó.