Ẹ̀rín Tí Ìyá Mi Rín fún Wolé-wolé

Òórùn epo pupa lórí ilẹ̀ gbígbóná ni ó máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú nígbàkígbà tí mo bá rántí ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í ṣe epo inú ọbẹ̀ o. Epo tútù ni, tí ìyá mi wọ́n sí ẹnu ọ̀nà ní àárọ̀, tí oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ sì yan án títí ó fi dúdú nínú iyẹ̀pẹ̀. Ìwọ náà tí a jọ dàgbà mọ ohun tí irú epo bẹ́ẹ̀ ń wí. Bí ènìyàn bá ti rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, kò ní wọlé; yóò kí wọn láti òkèèrè, yóò sì yà lọ. Ó túmọ̀ sí pé ìgbóná wà nílé náà, àrùn tí a kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an, tí a ń pe ẹni tí ó ni ín ní Olóde, tí a ń fi epo àti omi tútù bẹ̀ kí ó rọra.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ mú. Géńdé ni, ó máa ń ru ẹrù fún àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́, ohùn rẹ̀ a sì máa dé ilé ṣáájú rẹ̀. Orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a tẹ́ ẹ sí, nítorí ẹní ń bó o lára. Nígbà tí ó lọ, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sin irú òkú bẹ́ẹ̀ gbé e wọ inú igbó, wọ́n sì kó ẹní, aṣọ, igbá àti àpótí rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Àgbà inú wọn yíjú sí ìyá mi kí ó tó jáde. Ó ní, "Ìyá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Olóde o. Ẹ má jẹ́ kí omi bọ́ lójú yín. Ilé tí wọ́n bá ti sunkún, ibẹ̀ ni ó ti máa ń padà wá mú ìyókù." Ìyá mi wo àbúrò mi kékeré tí mo pọ̀n sẹ́yìn, ó ní, "Mo dúpẹ́." Ó wẹ̀, ó lé tìróò, ó wọ aṣọ ọdún rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí ẹwà tí ó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àbúrò mi yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni. Bí ó bá rìn díẹ̀, tí ó ṣubú, èmi ni yóò na apá sí, kì í ṣe ìyá wa. Ìwọ rántí bí ojú ṣe máa ń tì mí tó. Ohùn mi kéré débi pé olùkọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn onígbàgbọ́ máa ń ní kí n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kí n tó kàwé, ní ọdún díẹ̀ tí mo lò níbẹ̀. Bí àlejò bá dé ilé, ńṣe ni mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí wọn kí wọ́n lè máa wo àbúrò mi dípò mi. Ọmọ náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín, èmi a sì máa wo ògiri. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé òun ni ojú tí mo fi ń rí ayé.

Ìgbà náà ni ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rán àwọn wolé-wolé káàkiri láti mọ iye ẹni tí ìgbóná mú ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso ní Ọ̀yọ́, fẹ́ mọ̀, pé bùpá, oògùn tí a ń họ sí apá kí ìgbóná má baà mú ènìyàn, kò pọ̀, ibi tí àrùn bá wà ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹni tí wọ́n rán sí wa kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, tòun ti ilà lójú, ó wọ ṣòkòtò kúkurú àti bàtà aláṣọ funfun. Mo wà ní ẹ̀bá ìkòkò omi nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó rí epo náà. Mo rí i pé ó rí i, nítorí ó dúró, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì fò ó, ṣùgbọ́n kò fò ó kọjá tán.

"Ẹ kú ilé o, ìyá."

"Ẹ kú àbọ̀ o, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Oòrùn mà mú o."

"Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà?"

"Àlàáfíà ni, a dúpẹ́."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ń ṣeré."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín sí i, eyín rẹ̀ funfun báláú. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní, "Ẹ kú ìmọ́tótó o. Ilé yín mọ́ ju ti gbogbo wọn lọ." Òótọ́ ni, ilé mọ́. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà. Ta ni ó ń dáhùn irú ìkíni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn láàárín wa? Bí òrùlé bá ń jó, a óò kọ́kọ́ ní àlàáfíà ni kí a tó tọrọ omi. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ilé kì í bèèrè rẹ̀ ní ìdúró. Yóò jókòó, yóò gba omi mu, yóò dákẹ́, títí ọ̀rọ̀ yóò fi tinú ara rẹ̀ jáde. Ọkùnrin náà mọ èyí, ìyá tirẹ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ilé tó kù tí yóò wọ̀ pọ̀, ó sì ti gba ìdáhùn tó bá ojú ìwé rẹ̀ mu.

Nígbà tí bùpá dé láti Ọ̀yọ́, akéde ka àwọn àdúgbò tí yóò kọ́kọ́ wá síwájú ààfin. Tiwa kò sí níbẹ̀. Ìyá mi kò gbọdọ̀ jáde, nítorí ará ilé Olóde kì í wọ ọjà. Ó di àbúrò mi mọ́ mi lẹ́yìn, ó fa ọ̀já náà le. "Gbé e lọ. Ṣáà wọ àárín wọn. Má sọ nǹkan kan nípa ilé wa."

Ìlà gùn lábẹ́ igi. Ìyá arúgbó kan wà níwájú mi, ó ń ṣàwàdà fún gbogbo ènìyàn. "Ilà tó wà lójú mi kò tó wọn, wọ́n tún fẹ́ kọ tapá!" Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí àbúrò mi, ó fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní, "Ìyàwó mi, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ gbà á, kí n wò bóyá wàá sunkún." Ọmọ náà di ìka rẹ̀ mú, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo ń rí ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí oògùn wà nínú rẹ̀ lórí tábìlì, àti abẹ kékeré tí wọ́n fi ń họ apá. Ó kù díẹ̀ kó kàn wá.

Wolé-wolé yẹn kan náà ni ó jókòó síbẹ̀. Ó bi mí ní àdúgbò wa, mo sọ fún un.

Ó ní, "Kò sí àrùn lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ máa kẹ́yìn. Èmi fúnra mi ni mo wọ ilé yín, ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín."

Mo ṣí ẹnu, ohùn kò jáde dáadáa. Ó ní, "Kí lo wí?" Mo tún un sọ. "Sọ̀rọ̀ sókè, ọmọ yìí!" Mo bá pariwo, irú èyí tí n kò pa rí láyé mi: "Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ! Olóde ló mú un!"

Ìyá arúgbó náà já ìka rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àbúrò mi bí ẹni tí iná jó. Ìlà tú ká. Ẹnìkan ń kígbe pé, "Ẹ lé ọmọ ilé Olóde yìí kúrò níbí! Ṣé ó fẹ́ pa wá ni?" Wolé-wolé dìde, ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Èéṣe tí ẹ kò sọ? Padà sílé, ẹ má jáde mọ́. A óò wá bá yín níbẹ̀." N kò lè wo ojú rẹ̀. Bàtà rẹ̀ ni mo ń wò. Epo ẹnu ọ̀nà wa wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti gbẹ, ó pọ́n rúsúrúsú.

Wọ́n wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọn yóò fi dé, ara àbúrò mi ti gbóná, wọ́n sì ní a kì í fún ẹni tí ó ti mú ní bùpá. Bàbá àgbà ilé wa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ àdúgbò wa kọ nígbà náà, kí àwọn ọmọ tó kù lè rí i gbà. Wolé-wolé ní, "Ìwé ti lọ sí Ọ̀yọ́, bàbá." Orí irú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà ni ọmọ náà dùbúlẹ̀ sí. Títí dé òpin ni ó ń na apá sí mi kí n pọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ìyá mi lé tìróò. Àwọn ará àdúgbò dúró lókèèrè, wọ́n ń kí i pé ó kú ìdúpẹ́, ó sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó kù tí yóò fi ẹ̀rín náà dáàbò bò àfi èmi, n kò sì rò pé mo tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀yọ́ ni mo wà báyìí, nílé ọkọ. Nígbà mìíràn tí mo bá gba iwájú ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ kọjá, mo máa ń rò ó pé inú ilé yẹn ni ìwé náà wà, àti pé àdúgbò wa ṣì wà ní àlàáfíà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò kú níbẹ̀. Àbúrò mi kò tilẹ̀ wáyé. N kò lè pè é ní irọ́, torí ohun tí a fi ẹnu wa sọ ni wọ́n kọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wolé-wolé mìíràn yọjú sí wa, ọ̀dọ́mọkùnrin, ó ń yẹ inú ìkòkò omi wò. Ọmọ mi wà lẹ́yìn mi. Ara rẹ̀ ti gbóná díẹ̀ láti àárọ̀. Eyín ló ń hù, tàbí bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún ara mi.

"Ẹ kú ilé o, ìyá ọmọ. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni," ni mo wí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọjá sí ilé kejì, kí n tó mọ̀ pé mo ń rẹ́rìn-ín.