Bẹ́ẹ̀dì Igi Apá Tí Ò Gba Àtẹ̀gùn

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Bẹ́ ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ gbé àwo sílẹ̀ ná. Bẹ́ ẹ bá ti dùbúlẹ̀, ẹ dìde jókòó. Ọ̀rọ̀ Mujeebah ọmọ Yẹ̀kínnì káfíńtà ni mo fẹ́ sọ, Mujeebah tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ odidi ilé di àhámọ́, lọ́jọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ kó dé ilé tiwọn!

Ìdí-Oró ní Mushin ni ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ wà. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni gbogbo wọn ń gbé. Ó ti pẹ́ tí ìyá Mujeebah ti ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n kó lọ síbi tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bàbá á ní àdúgbò náà tura, á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Mujeebah nígbà tó sọ fún bàbá yìí pé iṣẹ́ káfíńtà lòun fẹ́ kọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

"Ṣé ìyẹ̀fun igi lo fẹ́ máa fi ṣe àtíkè?"

Mujeebah gbé ayùn. Ọdún méje ti kọjá báyìí, kò sì tíì sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ní Èkó yìí, ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ parí gbọ́dọ̀ gba fírídọ̀mù. Ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á sì sọ lójú gbogbo ayé pé ẹni yìí ti di ọ̀gá ara rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rìnlá ló ti gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ Bàbá Yẹ̀kínnì. Ti Mujeebah nìkan ló ku. Bó bá béèrè, bàbá á ní, "Mi ò tíì rí iṣẹ́ tó máa pa mí lẹ́nu mọ́."

Bọ́ràn ṣe wà nìyẹn tí Mujeebah fi fẹ́ Débọ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Débọ̀, kọ̀ǹpútà ló ń bá ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Yaba, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín òòlù àti ọmọ odó. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Mujeebah débi pé bí Mujeebah bá ń fá pákó, á jókòó tì í, á máa ṣa èérún pákó jọ bí ẹni ń ṣa owó. Wọ́n rí yàrá kan àti pálọ̀ gbà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Èbúté Mẹ́ta, lẹ́yìn ọgbà rélùwéè. Ilé tiwọn! Kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan fún ọkọ, ọ̀kan fún ìyàwó! Ọjọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣí i, láìsí nǹkan kan nínú ilé tí olè lè jí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni bàbá pe Mujeebah.

"Kan bẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ máa sùn lé fúnra rẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, bí mo bá ti kírun Àsárì ní aago mẹ́rin tán, mò ń bọ̀ nílé ọkọ rẹ. Màá jókòó lé e. Bó bá dún, kódà bí ohùn eku lásán, o ṣì ń kọ́ṣẹ́. Bí kò bá dún, mo fún ẹ ní fírídọ̀mù ẹ níbẹ̀."

Ẹsẹ̀ Mujeebah ò kan ilẹ̀ dé ìta! Igi apá ló lọ rà, igi tó wúwo bí òkúta, tó pọ́n bí epo. Ó mọ̀ pé bóòtù ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀dì di aláròyé. Bó bá pẹ́, bóòtù á tú, bẹ́ẹ̀dì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn tọkọtaya fún aládùúgbò. Nítorí náà, kò lo bóòtù, kò lo ìṣó. Ó gbẹ́ ihò sára igi kan, ó gbẹ́ eyín sára èkejì, ó ki eyín bọ ihò, ó da gọ́ọ̀mù sí i, ó sì fi okùn fún gbogbo rẹ̀ mọ́ra fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó tú okùn, orí bẹ́ẹ̀dì, ìdí bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti di ọ̀kan ṣoṣo, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe hù látinú ilẹ̀.

Ó ti wọn yàrá. Ó ti wọn ilẹ̀kùn yàrá àti ilẹ̀kùn pálọ̀. Débọ̀ tiẹ̀ ya yàrá náà sínú kọ̀ǹpútà, ó gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Mujee, wá wò ó! Ó ṣe rẹ́gí!"

Ohun kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni ò wọ̀n.

Sátidé dé. Ṣítù, tí òun àti Mujeebah jọ kọ́ṣẹ́, tó ti gba fírídọ̀mù tiẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bá wọn fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé bẹ́ẹ̀dì wá láti Mushin. Wọ́n gbé e wọ ẹnu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Ẹ mọ àtẹ̀gùn àwọn ilé àtijọ́ wọ̀nyẹn: onípákó, tóóró, á lọ díẹ̀, á wá ṣẹ́rí lójijì bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ibi tó ti ṣẹ́rí yẹn gan-an ni bẹ́ẹ̀dì há sí. Kò lọ sókè. Kò bọ̀ sílẹ̀.

"Fà á sọ́dọ̀ rẹ díẹ̀," Ṣítù wí.

"Ọ̀dọ̀ mi wo? Ògiri ló wà lọ́dọ̀ mi!" Débọ̀ ló ń pariwo. Ó ti há sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, orí ẹ̀ nìkan ló yọ síta.

"Ṣebí o ní ó ṣe rẹ́gí?" Mujeebah bi í.

"Nínú kọ̀ǹpútà ni mo wí."

"Kò sí àtẹ̀gùn nínú kọ̀ǹpútà?"

"N ò yà á sí i."

Àǹtí Jael, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, yọjú láti òkè. Ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná nísàlẹ̀, ní kíṣìnì ẹ̀yìnkùlé. Òun alára wà lókè.

"Yéè! Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ò tíì lo wákàtí kan nínú ilé yìí, ẹ ti ti gbogbo wa mọ́lé. Ọbẹ̀ mi ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má bínú."

"Èmi ò bínú. Ọbẹ̀ ló máa bínú." Ó tún wo bẹ́ẹ̀dì náà dáadáa. "Àbí ẹ kúkú máa sùn síbẹ̀? Àwa á máa gorí yín kọjá, ẹ ṣáà má jí."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mujeebah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Aago méjì ti kọjá. Ó ti ń rí i lọ́kàn rẹ̀: bàbá dé, ó bá bẹ́ẹ̀dì lágbedeméjì àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín bíi ti ọdún méje sẹ́yìn, ó yíjú padà sí Mushin.

Ṣítù nu òógùn ojú. "Mujeebah, jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ayùn wà nínú ọkọ̀. Ká gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bá a bá dókè, màá fi bóòtù dè é padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Bẹ́ẹ̀ ni, á wọlé. Á sì máa dún títí ayé. Mujeebah tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé orí bẹ́ẹ̀dì náà bí ìyá tó gbá ọmọ mọ́ra.

"Ṣítù, ẹni tó bá gbé ayùn sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì yìí, èmi ni kó kọ́kọ́ gé."

"Ta ló ń dárúkọ ayùn?"

Òkè ni ohùn yìí ti wá, ó lọ́ra, ó sì le. Bàbá Akínlabí tí òun náà ń gbé lókè ni, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, tó fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbé ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin sókè sílẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ó wo bẹ́ẹ̀dì tó há bí dókítà ṣe ń wo aláìsàn.

"Ẹ fà á padà sílẹ̀. Ẹrù tó bá kọ inú, ìta là á gbé e gbà. Ṣé ẹ ò ní bákónì ni?"

Ẹ wo ojú Mujeebah bó ṣe là! Bákónì! Ilẹ̀kùn pálọ̀ wọn, orí bákónì ló ṣí sí, òun fúnra rẹ̀ ló sì wọn ilẹ̀kùn náà!

Bàbá Akínlabí ní okùn sísanra kan, àti irin róbótó tí wọ́n ń gba okùn kọjá lára rẹ̀ láti fa ẹrù sókè. Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló ti kó wọn sí kọ̀rọ̀ yàrá. "Ìyàwó mi ní kí n dà wọ́n nù," ó ń wí bó ṣe ń gbé wọn jáde, tó ń gbá eruku ara wọn dànù. "Mo ní rárá o, ọjọ́ kan ń bọ̀." Ọmọdé tí wọ́n ra bàtà ọdún fún ò lè yọ̀ tó bẹ́ẹ̀!

Ó tó ìdajì wákàtí kí bẹ́ẹ̀dì tó gbà láti sọ̀ kalẹ̀. Àǹtí Jael sáré lọ gbé ọbẹ̀ kúrò lórí iná, ó tún sáré padà sókè. Kò fẹ́ kí ìran náà kọjá òun. Bàbá Akínlabí so irin rẹ̀ mọ́ òpó igi tó wà lókè bákónì. Ó ní kí Débọ̀ àti Àǹtí Jael dúró lókè láti gba ẹrù. Mujeebah, Ṣítù àti awakọ̀ akẹ́rù di okùn mú nílẹ̀. Òun wá dúró láàárín títì, ọwọ́ lẹ́yìn.

"Ẹnu kan ṣoṣo ló ń gbé ẹrù," ó ní. "Ẹnu mi ni. Bí mo bá ní ẹ fà, ẹ fà. Bí mo bá ní ẹ mí, ẹ mí, ẹ má tú ọwọ́. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kódà kí èèrà gun ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Bí ikọ́ bá gbé mi ńkọ́, sà?" Àǹtí Jael béèrè látòkè.

"Gbé e mì."

Gbogbo àdúgbò ti jáde.

"Fà!"

Bẹ́ẹ̀dì gbéra nílẹ̀.

"Mí! Fà! Mí!"

Ó ń gòkè! Ẹsẹ̀ méjì tó wà níbi orí ni wọ́n so okùn mọ́, ìyókù ń fì nísàlẹ̀. Ó ti dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí ẹnì kan ké láti ìkóríta:

"Dúró!"

Gbogbo wọn dúró gbagidi. Bàbá Akínlabí yíjú pẹ̀lú ìbínú. "Ta ló lanu? Mo ní ta ló lanu níbi iṣẹ́ mi?"

Bàbá Yẹ̀kínnì ni. Fìlà funfun, bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa, pẹ́ńsùlù tí kì í kúrò létí ẹ̀ wà níbẹ̀ náà. Ó ti kírun, ó ti dé.

Mujeebah ò lè kúnlẹ̀, okùn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò lè kí bàbá rẹ̀, ẹnu kan ṣoṣo ló ń gbé ẹrù. Òógùn ń ṣàn wọ ojú ẹ̀, kò lè nù ún.

Bàbá rẹ̀ rìn wá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbójú sókè. Gbogbo ìwúwo igi apá yẹn, orí oríkèé méjì péré tí eyín ti wọ ihò ló rọ̀ sí. Bàbá fi ọwọ́ di etí kan, ó dẹ èkejì sókè. Bẹ́ẹ̀dì fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Okùn ń ké. Irin ń ké. Bẹ́ẹ̀dì ò fọhùn.

"Bóòtù mélòó?"

Mujeebah wo Bàbá Akínlabí. Bàbá Akínlabí mi orí pé ó lè dáhùn.

"Kò sí, Bàbá."

"Ìṣó ńkọ́?"

"Ẹyọ kan ò sí."

Bàbá Yẹ̀kínnì ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, ó bọ́ síwájú ọmọ rẹ̀, ó di okùn mú. Ó wá wo Bàbá Akínlabí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Ẹ máa pàṣẹ lọ."

"Fà!"

Bẹ́ẹ̀dì dé bákónì, ariwo ta! Débọ̀ gbá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan mú, Àǹtí Jael gbá èkejì mú, àwọn tó ń wòran nílẹ̀ sáré gòkè wá kún wọn. Bẹ́ẹ̀dì gorí irin bákónì, ó fi ẹ̀gbẹ́ yí wọ pálọ̀, ó tún fi ẹ̀gbẹ́ yí wọ yàrá. Rẹ́gí!

"Mo sọ fún yín! Ṣé mi ò sọ fún yín!" Débọ̀ ń fò sókè.

"Ẹ bá mi pa ọmọ yìí lẹ́nu mọ́," Àǹtí Jael wí.

Fóòmù ò tíì sí lórí ẹ̀, pákó lásán ni. Bàbá Yẹ̀kínnì bọ́ bàtà. Mujeebah kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò mí. Bàbá jókòó. Kò dún. Ó dìde, ó tún jókòó gbì. Kò dún.

"Àna mi, wá."

Débọ̀ jókòó. Bàbá Akínlabí jókòó. Ṣítù jókòó. Àǹtí Jael, tí kì í ṣe obìnrin fẹ́lẹ́, ò dúró kí wọ́n pe òun.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká jọ fò lórí ẹ̀!" ó wí.

Àwọn márààrún fò gbì-gbì-gbì. Pákó ilẹ̀ ké, fèrèsé gbọ̀n, ẹnì kan ké láti ìsàlẹ̀ pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ò sọ ohun kan ṣoṣo.

Ni Bàbá Yẹ̀kínnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Omi bọ́ lójú ẹ̀ bíi ti ọdún méje sẹ́yìn, àmọ́ ẹ̀rín tòní yàtọ̀. Ó yọ pẹ́ńsùlù létí ara rẹ̀, ó fi há etí Mujeebah.

"O ti gba fírídọ̀mù ẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ẹ jẹ́rìí sí i. Ọlọ́run á fi àánú sínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

"Àmín!" Àmín mọ́ṣáláṣí, àmín ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀kan náà ló jáde. Mujeebah fẹ́ dúpẹ́, ẹkún ló jáde, ló bá tún ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Ṣùgbọ́n káfíńtà tí ò wọn àtẹ̀gùn!" bàbá wí. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kúrò níbí ńkọ́?"

"A ò kó mọ́, Bàbá," Débọ̀ dáhùn.

Bàbá húkọ́. Ó wo ilẹ̀. "Ẹ má sọ fún ìyá yín o. Kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kàn fún un nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, inú yàrá wa lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo ti kàn án parí. Ilẹ̀kùn ni èmi ò wọ̀n."

Mujeebah la ẹnu sílẹ̀. "Bàbá! Ìdí tá ò fi kó kúrò ní Ìdí-Oró nìyẹn?"

"Àdúgbò náà tura," bàbá wí.

Bẹ́ ẹ bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, ẹ wọkọ̀ lọ sí Èbúté Mẹ́ta. Ẹ gba ẹ̀yìn ọgbà rélùwéè, ẹ máa wo òkè, ẹ máa rí bákónì tí okùn ti ha ọ̀dà ara irin rẹ̀ kúrò. Ẹ ké sí Àǹtí Jael, òun ló máa ń kọ́kọ́ yọjú. Ẹ ní bẹ́ẹ̀dì lẹ wá wò. Ó ti mọ́ wọn lára. Kẹ́ ẹ jókòó gbì, kẹ́ ẹ dẹtí, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ fún mi.