Wọn ò jẹ́ kí n dìde dán gìtá wò

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọ̀wọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń tajà ní ọjà Circle!

Mo ti ṣèlérí fún pásítọ̀ pé màá padà sídìí gìtá béèsì lọ́jọ́ Ìsinmi yìí. Èjìká tó ń dùn mí ló ń bà mí lẹ́rù, torí gìtá béèsì máa ń wúwo. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀, mo mú gìtá tí owó rẹ̀ ò wọ́n, mo fẹ́ gbé e kọ́ èjìká wò lórí ìdúró.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù sáré gbé àga wá.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ṣé èmi ni kí n máa wo àgbà lórí ìdúró?"

"Ìdúró la fi ń lù ú ní ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, sà. Kì í ṣe níwájú mi."

Ìyàwó rẹ̀ tún gbé omi wá lórí ìkúnlẹ̀. Ta ló lè bá ẹni tó kúnlẹ̀ jà? Mo jókòó, mo lù ú lórí itan, ó dùn, mo sanwó.

Mo délé, mo gbé e kọ́ èjìká. N ò tíì lu orin kan tán tí apá mi fi kú. Ó wúwo bí ọlọ!

Mo pe ọkùnrin náà lórí fóònù pé gìtá rẹ̀ ti wúwo jù fún èjìká mi.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣé kí n fi àga ránṣẹ́?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lu béèsì, ṣé kí n jókòó lù ú níwájú ìjọ, àbí kí n dá a padà fún un lọ́la?