Ibi Tí Ìgbálẹ̀ Dosi Kì Í Dé

Wọ́n ní ìgbẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n fẹ́ máa fi se oúnjẹ fún wọn. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu obìnrin kan tó gbé ẹja yíyan lé ẹsẹ̀, tó sì ń fi gbogbo ara búra. Ó ní ilé tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ sínú ọgbà ilé-ìwé girama wa létí ọ̀sà kò ní lo ẹ̀rọ amúnáwá rárá. Oòrùn ni yóò máa tan iná rẹ̀, omi òjò ni àwọn ọmọ yóò máa mu, ìgbẹ́ wọn ni wọn yóò sì máa fi dáná. Mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Ti ìgbẹ́ yẹn ni mo gbà, nítorí mo ti tọ́ ọmọ, mo mọ̀ pé ìgbẹ́ kì í wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Èyí tó ní kò ní rùn ni mi ò gbà.

Òótọ́ ló sì jẹ́. Kòtò ńlá kan ni wọ́n fẹ́ gbẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo ilé ìgbẹ́ yóò máa dà sí. Wọn yóò bò ó pa, afẹ́fẹ́ tó bá jáde níbẹ̀ yóò gba páìpù lọ sí ilé ìdáná, yóò máa jó bíi gáàsì. A fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wa. Kò sẹ́ni tó rò pé kòtò ìgbẹ́ lè ba ẹnikẹ́ni nínú jẹ́, àfi èmi àti Dosi.

Dosi ni àwọn Ègùn ń pe ọmọbìnrin tí wọ́n bí tẹ̀lé ìbejì, bí àwa ṣe ń pe Ìdòwú. Òun ló ń gbálẹ̀ ilé-ìwé náà. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ara rẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá ju ọ̀rá omi sílẹ̀, yóò bi í bóyá ọ̀rá ni ìyá rẹ̀ ń sè fún wọn jẹ nílé. Èmi tí mo ń rán aṣọ ilé-ìwé fún wọn, kì í kí mi kó má fi èébú kún un.

“Aránṣọ, aṣọ tó o rán yìí ń ya nídìí kí ọmọ tó jókòó.”

Èmi á ní ìdí ọmọ ló ń dàgbà, òwú mi kò yẹ̀. A ti ń bá ara wa ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Kí oòrùn tó yọ ló ti máa ń gbá ọgbà náà tán, láti géètì dé etí omi. Ibì kan ṣoṣo ni ìgbálẹ̀ rẹ̀ kì í dé, ìdí igi fúrúùtù tó wà létí ọ̀sà. Ewé pupa a máa já bọ́ síbẹ̀, a máa ga bí òkìtì. Ọ̀gá ilé-ìwé bi í léèrè, ó ní ejò wà níbẹ̀. Wọ́n wá ẹni tó fi àdá wá ejò náà títí, kò rí nǹkan kan. Dosi ní bóyá ó jáde ni, pé ejò náà máa ń rìn.

Èmi mọ ejò náà.

Topo ni Dosi ń gbé tẹ́lẹ̀, òdìkejì ọ̀sà, òun àti ọmọ rẹ̀ méjì. Sẹ́nàmí ni àkọ́bí, ilé-ìwé wa yìí ló ń wá, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé e wá ní àárọ̀. Lọ́dún kan, ní àsìkò òjò, afẹ́fẹ́ dojú ọkọ̀ náà dé. Wọ́n fa àwọn yòókù yọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí Sẹ́nàmí, létí omi lẹ́yìn ilé-ìwé, nígbà tí ọgbà kò tíì dé ibẹ̀.

Ẹni tí omi bá pa láyìíká wa, etí omi ni wọ́n ń sin ín sí. Wọn kì í gbé e wọ̀lú, wọn kì í sì í fi àmì sí i. Òbí kì í bá wọn dé ibi ìsìnkú ọmọ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ibẹ̀ hàn án. Wọ́n ní ìyá tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ júwe ojú oórì ọmọ, ọmọ tó kù láyé ló ń júwe sàréè fún yẹn. Èyí tó kù fún Dosi ni Dúródọlá, tó ń ṣe káfíńtà ní Kútọnu báyìí.

Ilé mi ni wọ́n gbé Dosi wá lọ́jọ́ náà, nítorí ó jìnnà sí omi. Ọkùnrin mẹ́ta ló lọ sin ọmọ. Nígbà tí wọ́n padà wá láti kí i kú àmójúkúrò, ẹrẹ̀ dúdú wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ewé pupa kan lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò Mákánjú, ọlọ́kọ̀ ojú omi, nísàlẹ̀ orúnkún. Igi fúrúùtù kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo etí omi náà. Mo wo ewé yẹn. Mo wo Dosi. Òun náà ń wò ó. Kò sọ nǹkan kan, èmi náà kò sọ, títí di òní.

Kò pẹ́ tó fi kó kúrò ní Topo, tó wá tọrọ iṣẹ́ agbálẹ̀ nílé-ìwé. Àwọn èèyàn ní ọkọ̀ ojú omi ló sú u. Wọn kò pè é ní Ìyá Sẹ́nàmí mọ́, nítorí orúkọ náà ń ta á. Wọ́n padà sí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i, bí ẹni pé kò bímọ rí. Mùsùlùmí ni mí. Lẹ́yìn ìrun ìdájí, mo máa ń ṣe àdúà fún ọmọ náà, n kì í sì í dárúkọ ibì kankan. Ọlọ́run mọ ibi tó tẹ́ olúkúlùkù sí.

Ìgbà tí wọ́n wá kan èèkàn, tí wọ́n ta okùn yí ibi tí kòtò yóò wà ká, ẹ̀gbẹ́ igi fúrúùtù ló bọ́ sí. Wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn kò ní gé igi kankan nínú ọgbà náà, wọn kò sì gé e. Igi ni wọ́n dá sí.

Dosi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ Ẹnjiníà Ọlásúnkànmí lọ, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà. Ó ní ejò wà níbẹ̀, ẹnjiníà ní ejò yóò gbọ́ ariwo, yóò sá. Ó ní ọ̀sà máa ń kún débẹ̀ lásìkò òjò, ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn yóò mú ògiri kòtò nípọn. Ó ní àwọn ọmọ máa ń ṣeré níbẹ̀, ẹnjiníà ní àwọn yóò ṣe ọgbà yí i ká. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí obìnrin yìí bẹ̀, símẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ẹnjiníà kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ó máa ń ra búrẹ́dì fún Dosi.

Nínú àwọn mẹ́ta tó sin ọmọ náà, Mákánjú nìkan ló kù láyé, ó sì ti wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ tipẹ́. Ọjọ́ ìpàdé tí wọ́n pè nítorí ilé náà ló tó dé. Wọ́n ní kí àwọn àgbà wá ṣàdúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Katapílà ti wà létí omi, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún, a sì ń gbọ́ ọ nínú gbọ̀ngàn.

Ẹnjiníà lẹ àwòrán ilé náà mọ́ ara pátákó, ó ń fi ìka tọ́ka ohun gbogbo fún wa. Nígbà tí ìka rẹ̀ dé orí kòtò, Bàbá Mákánjú bi í bóyá ẹ̀gbẹ́ fúrúùtù nìyẹn. Ó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni. Bàbá ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

Ẹ̀yìn ni Dosi dúró sí, tòun ti ìgbálẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀,” ó ní.

“Màmá, a ti sọ ọ̀rọ̀ ejò tán.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

“Kì í ṣe ejò. Ẹnìkan wà níbẹ̀.”

Ẹ̀rín dá. Ẹnjiníà bi í jẹ́ẹ́jẹ́ bóyá ibojì ni. Ọkùnrin náà ní tó bá jẹ́ ibojì ni, èèyàn ló bí òun náà, òun yóò sún kòtò. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan jáde wá fi orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ han òun, torí bí òun bá sún sósì láìmọ̀, ó lè jẹ́ orí rẹ̀ ni òun máa bọ́ sí, bí òun bá sún sọ́tùn-ún, bákan náà. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀, katapílà ń jó epo. Gbogbo ẹni tó dàgbà tó láti mọ̀ ń wo ilẹ̀.

“Bàbá,” ẹnjiníà kọjú sí Mákánjú, “ẹ̀yin ńkọ́?”

Bàbá wo Dosi.

“Ọ̀rọ̀ wà tí a kì í sọ lójú ẹni tó ni ín.”

“Ta ló wá ni ín?”

Bàbá tún fìlà orúnkún rẹ̀ ṣe.

Ìgbà náà ni àríyànjiyàn gbóná. Bàbá ọmọ kan, ọ̀dọ́, ní ìgbàkígbà tí ìdàgbàsókè bá ti fẹ́ dé Àgbádárìgì, òkú á kọ́kọ́ jí. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí wọ́n gbàdúrà sí i kí wọ́n gbẹ́ ẹ.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́ ò ní gé igi,” ni Dosi wí, “ṣé igi ló bí yín ni?”

Ẹnjiníà bẹ̀ ẹ́ pé kó fúnra rẹ̀ wá júwe ibẹ̀, kí wọ́n jọ lọ báyìí. Dosi gbé ọwọ́ tí kò mú ìgbálẹ̀ sókè, síhà fèrèsé ọ̀sà. Mo rántí Dúródọlá ní Kútọnu, mo dìde láìmọ̀. Dosi wo Mákánjú, ẹni tó ń wo fìlà orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ọ̀dọ́ yẹn ṣì ń sọ̀rọ̀ òkú lọ, ẹnjiníà ṣì ń wí pé màmá, ẹ dá mi lóhùn, nígbà tí Dosi gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ògiri, tó tún ìró rẹ̀ ró, tó sì rìn jáde láàárín ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀gá ilé-ìwé ní ẹ wò ó, ó ti sá fún ẹjọ́ ara rẹ̀. Bàbá Mákánjú dé fìlà. Ó fi ojú tẹ̀ lé e láti ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó ń dúró kí obìnrin náà kọjá géètì kí òun tó sọ̀rọ̀.

Etí omi ni Dosi máa ń gbà relé. Kò gbà á lọ́jọ́ náà. Géètì ló dojú kọ, ọ̀nà márosẹ̀, ó kẹ́yìn sí ọ̀sà, ó kẹ́yìn sí igi, ó ń lọ ṣánṣán bí ẹni ru omi tó kún dẹ́nu. Kò wẹ̀yìn.