Ọjọ́ Tí Wọ́n Ṣí Páànù Mọ́ Wa Lórí

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì nígbà náà ni. Àwọn ọdún yẹn le. Owó oṣù ìjọba kì í wọlé, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ń kú sẹ́nu ìdúró de owó wọn, àwọn onílé náà sì ti ń fi ara ya. Ìyá àgbàlagbà kan ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ló gbà mí síṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni ìyá yìí jẹ́ nílùú òyìnbó fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà wálé. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣì wà lọ́hùn-ún dá àjọ kékeré kan sílẹ̀ láti máa ran àwọn tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nínú ilé lọ́wọ́, kí wọ́n má baà di ẹni tó ń sùn sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ la fi ṣe ọ́fíìsì. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè é. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n lọ wo ibi tí ẹni tó wá bẹ̀ wá ń gbé, kí n sì wá jábọ̀ fún un, kó lè mọ ẹni tí owó ìrànwọ́ máa tọ́ sí.

Ẹ̀rù ilé ti wà lára mi láti kékeré. Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, onílé wa ní Àkúrẹ́ kó ẹrù wa síta. Mo ti ilé-ìwé dé, mo bá ibùsùn mi lójú títì. Àwọn aládùúgbò ń yà fún un bí ẹni pé àrùn ló wà lára rẹ̀. Bàbá mi jókòó sórí àpótí aṣọ, kò wo ojú mi. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn kíkan, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó lè dáhùn. Mo rò pé bí mo bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀rù náà á lọ. Kò lọ o. Ńṣe ló rí oúnjẹ jẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan wá bá wa láti Oǹdó. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó wọ búláòsì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó sì jókòó sí etí àga bí ẹni tí kò fẹ́ kí àga náà mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ó ní yàrá méjì lòun àti ìyá òun ń gbé, pé ìyá náà ti darúgbó, kò lè rìn mọ́. Onílé tó gbà wọ́n sílé ti kú. Ọmọ rẹ̀ ti dé láti Èkó, ó fẹ́ ta ilé náà, ó sì ti dẹ́rù ba àwọn ayálégbé tó kù títí tí wọ́n fi kó jáde. Tísà nìkan ló kù.

Mọ́mì gbọ́ ọ tán, ó ní, "Kò le jù, Tísà. A ó bá yín wá ilé míì, a ó sì san owó rẹ̀."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Kì í ṣe ilé míì ni mo wá béèrè. Mo ti san owó ilé tí màá fi gbé ọdún yìí parí. Kò fún mi ní nótíìsì, kò gbé mi lọ sí kọ́ọ̀tù, ó kàn ní kí n máa lọ ni. Ìyá mi ò sì ní yè é tí mo bá ń gbé e kiri. Ẹ bá mi wá ẹni tó máa sọ fún un pé kò láṣẹ."

N kò rí ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún Mọ́mì rí. Gbogbo ẹni tó ń wá, ibi tí wọ́n máa forí pamọ́ sí ni wọ́n ń wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókè òkun lórí fóònù, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń bá wọn fà á. Wọ́n ní àwọn tó ń dáwó fẹ́ máa rí ilé tuntun, kí wọ́n rí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Wọ́n ní wọn ò dáwó fún lọ́yà. Ọmọ Àkúrẹ́ gidi ni Mọ́mì, tí inú bá sì ti bí i, èdè ilé ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó pariwo mọ́ fóònù pé, "Ulé tí wọn ò jẹ́ kó wó ńkọ́? Ṣé òun ò ṣeé yà ní fọ́tò ni?"

Bí àjọ wa ṣe gba lọ́yà fún Tísà nìyẹn. Obìnrin ni lọ́yà náà, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́. Ó pe ẹjọ́ náà kíá, àmọ́ ó kìlọ̀ fún wa. Ó ní, "Kí adájọ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kí ilé yẹn ṣófo rárá. Tí wọ́n bá bá a lófìfo pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n á ní ẹ ti kó lọ fúnra yín."

Mọ́mì yíjú sí mi. "Ìwọ lọ bá wọn gbé. Ìwọ ni ọkùnrin tá a ní."

N kò lè sọ pé rárá. Mo kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, mo wọ ọkọ̀ Oǹdó. Obìnrin tó jókòó tì mí wo ojú mi, ó rò pé ọkọ̀ ló fẹ́ mú mi bì, ó fún mi ní àtalẹ̀.

Ilé náà ti gbó. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, àwọn yàrá tí àwọn ayálégbé yòókù fi sílẹ̀ sì ti wà láìsí ilẹ̀kùn. Ìyá Tísà wà lórí ibùsùn lẹ́bàá fèrèsé, ó tín-ín-rín, irun rẹ̀ funfun báláú. Èdè Oǹdó ló ń sọ fún mi, ìdajì rẹ̀ ni mò ń gbọ́, mo sì ń dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, mà" sí gbogbo rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí mi.

Ọjọ́ tí mo dé gan-an ni ọmọ onílé wá. Mo ti rò pé màá rí òǹrorò. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó kí Tísà bó ṣe yẹ kí ọmọ kí àgbà. Lẹ́yìn náà ló pè mí sí ìta. Ó ní, "Àbúrò, máa lọ sílé rẹ. Mi ò bá ẹ jà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ yìí, mi ò lè bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀." Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó wọ mọ́tò rẹ̀. Ká ní ó bú mi ni, bóyá ẹ̀rù ì bá má bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n dé. Tísà ń po ògì fún ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tá a gbọ́ tí wọ́n gbé àkàbà ti ògiri, tá a sì gbọ́ ẹsẹ̀ lórí páànù. Ẹsẹ̀ náà ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni pé inú orí mi ni wọ́n ti ń rìn. Lẹ́yìn náà ni ìṣó bẹ̀rẹ̀ sí í han bí wọ́n ṣe ń fà á yọ. Wọ́n ṣí páànù àkọ́kọ́, wọ́n jù ú sílẹ̀, ariwo rẹ̀ mú kí n dọ̀bálẹ̀ láìmọ̀. Ìdọ̀tí àti ìpẹtà ń dà sílẹ̀ láti ihò inú sílìn.

Ìyá náà la ojú. "Ṣé òjò ni?"

"Rárá o, Màámi," ni Tísà dá a lóhùn. Ó rọra gbé ife ògì sí i lẹ́nu. "Àwọn tó ń bá wa tún òrùlé ṣe ni."

Mo ṣí agboòrùn bo ìyá náà lórí. Mo fi ọwọ́ kan di agboòrùn mú, mo fi èkejì pe Mọ́mì.

"Wọ́n ti dé, mà. Wọ́n wà lórí wa. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ni Mọ́mì wí. Mo gbọ́ tó ń sáré wá bàtà. "Èmi àti lọ́yà ti ń bọ̀. Má kúrò níbẹ̀."

Mo wo ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ara mi ti lọ, ìyá yìí ló dá mi dúró. Ó ti di ọrùn ọwọ́ mi mú láìjẹ́ pé mo mọ ìgbà tó dì í. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì le ju bí mo ṣe rò lọ.

Lójijì, sílìn fọ́, ẹsẹ̀ ọkùnrin kan yọ sí wa láti òkè, pẹ̀lú bàtà àti gbogbo rẹ̀. Ó kígbe, ó fà á padà. Òòlù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì dá símẹ́ǹtì lu. Bó bá sún mọ́ wa díẹ̀ sí i, orí ìyá náà ni ì bá bà. Tísà ju ife sílẹ̀, ó da ara rẹ̀ bo ìyá rẹ̀, ó sì fi igbe ta. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ga.

Ọkùnrin náà yọjú láti inú ihò. "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Ìyá mi ni!" ni Tísà kígbe. "Kò lè rìn! Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

Ó wò wá títí. Ó ní, "Wọ́n sọ fún wa pé ilé ti ṣófo." Lẹ́yìn náà ló pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn. Ẹnìkan ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ẹlòmíràn ní bí àwọn ò bá ṣe é tán, kí làwọn máa jẹ lálẹ́? Àwọn náà ò rí iṣẹ́ míì. Wọ́n fi apá ibi tá a wà sílẹ̀, wọ́n lọ ń ṣí páànù pálọ̀ àti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú ọ̀run hàn sí wa láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó ti ṣú.

Òjò ló lé wọn sọ̀ kalẹ̀. Ó rọ̀ sínú pálọ̀ bí ẹni pé ìta ni, ó ń ṣàn wọ yàrá, a sì ń fi aṣọ dí ẹnu ọ̀nà. Inú òjò yẹn ni àwọn obìnrin ìjọ Áńgílíkà tí Tísà ń lọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Aládùúgbò kan ló ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n gbé tapólì wá, wọ́n nà án lórí ibùsùn, wọ́n sì dúró yí ìyá náà ká pẹ̀lú aṣọ tútù lára wọn. Nígbà tí ọmọ onílé dé tó rí wọn, ó dúró síta. Kò pẹ́ tí Mọ́mì àti lọ́yà fi dé, wọ́n mú àṣẹ tí adájọ́ buwọ́ lù láàárọ̀ ọjọ́ náà dání pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé náà. Lọ́yà kà á sókè fún un nínú òjò. Ó tẹ́tí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Ìgbà tí mọ́tò náà kọjá kọ̀rọ̀ ni mo tó bì.

Òtútù mú ìyá náà. Ó wúkọ́ débi pé a rò pé a máa pàdánù rẹ̀, ẹ̀rù yẹn sì burú ju ti orí páànù lọ, nítorí kò sí ẹni tí a lè bá jà. Àmọ́ ara rẹ̀ yá. Adájọ́ pàṣẹ kí ọmọ onílé dá páànù padà, kó sì jẹ́ kí wọ́n gbé títí àsìkò wọn yóò fi pé, kó tó fún wọn ní nótíìsì bí òfin ṣe wí. Ìyá náà kú ṣáájú kí àsìkò náà tó pé, lórí ibùsùn ara rẹ̀, lábẹ́ òrùlé tó pé. Lẹ́yìn ìsìnkú, Tísà fúnra rẹ̀ ló kó ẹrù, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìjàrẹ́. Ó tilẹ̀ gbá ilẹ̀ kó tó jáde.

Láti ìgbà náà ni àjọ wa ti ń ya apá kan owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún lọ́yà. Àwọn ará òkè òkun kan bínú kúrò, àwọn míì dúró. Mọ́mì sì rán mi padà sí Oǹdó láti wá ìdílé méjì tó ti sá jáde nínú ilé náà kí Tísà tó wá bá wa. Mo rí ìdílé kan nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, wọ́n fi àpò símẹ́ǹtì dí fèrèsé. Nígbà tí mo kan igi tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn, n kò gbọ́ nǹkan kan, àfi ohùn ọmọdé kan tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Mo dúró, mo ń sọ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé mi ò wá lé yín, ẹ má bẹ̀rù, mi ò wá lé yín. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. A gba ilé fún wọn.

Ìdílé kejì, n kò rí wọn. Ẹnìkan ní wọ́n ti lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ẹlòmíràn ní wọ́n ti pín àwọn ọmọ fún ẹbí. Mo dé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, mo béèrè ní ọjà, mo béèrè létí odò, mo sì padà sí Àkúrẹ́ láìrí wọn.