Aláǹtakùn tí Bàbá Onígò Pè ní Ọmọdé

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Onígò fi jókòó sídìí fèrèsé kan ṣoṣo ní ilé ìpamọ́ kòkòrò, tó ń ya àwòrán aláǹtakùn. Àga ibẹ̀ ti mọ ìdí rẹ̀ débi pé bí ẹlòmíràn bá jókòó lé e, ńṣe ló máa ń ké. Àwọn aláǹtakùn tí ń fò niṣẹ́ rẹ̀, àwọn kékeré tí kì í ta àwọ̀n de ẹran, tí wọ́n máa ń ba bí ológbò, tí wọ́n á sì bẹ́ mọ́ eṣinṣin lójijì. Bẹ́ ẹ bá bi í bí a ṣe ń dá wọn mọ̀, á ní:

“Ojú mẹ́jọ ni. Mẹ́rin wà níwájú, méjì àárín tóbi bí iná iwájú mọ́tò. Mẹ́rin yòókù wà lókè orí, ẹ ò lè yọ́ bá a látẹ̀yìn. Akọ ní apá kékeré méjì lẹ́nu, ṣóńṣó wọn wú bí ìbọ̀wọ́ akànṣẹ́. Abo tó bá ti gbó ní ihò méjì lábẹ́ ikùn. Nítorí náà, yí ikùn rẹ̀ sókè kí o tó lanu sọ̀rọ̀.”

Kò sí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí kò tíì gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn títí etí rẹ̀ fi fẹ́ di.

Ọmọbìnrin kan wá dé síbẹ̀, kò tíì lò ju oṣù mẹ́rin lọ. Lọ́jọ́ kan tó lọ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó rí akọ aláǹtakùn kan lára ògiri: ó dúdú, ìlà funfun kan la iwájú orí rẹ̀ kọjá, eyín rẹ̀ sì ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Wọ́n yẹ gbogbo ìwé wò, kò sí irú rẹ̀. Ọ̀gá wọn, obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n ju òjò ẹ̀ẹ̀rùn lọ, rẹ́rìn-ín.

“Akọ nìkan kò tó,” ló wí. “Ẹ wá abo rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tí ìwé wa máa lọ sílé ìtẹ̀wé. Bí a bá rí i, ọmọ yìí ló máa kọ̀wé nípa rẹ̀, òun náà ló máa sọ ọ́ lórúkọ.”

Ó wá fi kún un pé kí ọmọ náà bọ́ sídìí fèrèsé, torí ibẹ̀ ni awò ńlá wà, èyí tó ń sọ èèrà di erin.

Bàbá Onígò kó pẹ́ńsù rẹ̀, ó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ tí awò àtijọ́ wà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Tirẹ̀ ti ń jẹ ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Ọmọ náà gbé dígí síwájú akọ aláǹtakùn tó wà nínú ike, ni aláǹtakùn bá na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, ó ń halẹ̀ mọ́ òjìji ara rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní òun ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ń wò ó bó ṣe ń gé búrẹ́dì bí ẹni ń la igi.

“Bàbá àwọn ọmọ, kí ni búrẹ́dì ṣe fún yín?”

“Ọmọ tí mo kọ́ ní abẹ́rẹ́ mímú lánàá fẹ́ sọ aláǹtakùn lórúkọ. Èmi ńkọ́? Kí ni wọ́n fi sọ mí lórúkọ?”

“Wọ́n fi ìgò sọ yín. Ẹ jẹ búrẹ́dì yín.”

Nígbà tó di ọjọ́rú, ó búra nínú pé òun ti mú irú aláǹtakùn yẹn rí, pé òun yóò rí i nínú àwọn ìgò òun, òun yóò sì fi dójú ti ẹni tó ń fi tuntun yangàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìgò sílẹ̀. Nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, òkú aláǹtakùn wà nínú ọtí ìpamọ́ pẹ̀lú pépà kékeré kan. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń kọ pépà náà, torí ọtí á fọ yíǹkì dànù. Òfin ilé náà ni pé pépà tó bá ti wọnú ìgò kì í jáde mọ́. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣì í, ẹlòmíràn á kọ tirẹ̀ tì í, àṣìṣe àti òtítọ́ á sì jọ máa gbé inú ìgò bí orogún.

Ìgò kẹtàlélógójì ti lo ọdún mọ́kàndínlógún. Ohun tó kọ sínú rẹ̀ nígbà náà ni: “Ọmọdé. Irú ti inú ilé.” Ó gbé e sábẹ́ awò. Aláǹtakùn náà pọ́n bí erùpẹ̀, kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìlà funfun kan la iwájú orí rẹ̀ kọjá. Ọkàn Bàbá lù kì. Ó fi abẹ́rẹ́ yí ikùn rẹ̀ sókè. Ihò méjì, ó pé, ó gbó: abo tó ti tó ilé ọkọ gbé.

Ebi ló ń pa á lọ́jọ́ tó kọ pépà náà. Ó rí i pé ó kéré, kò sì dán, ló bá kọ “ọmọdé” láì yí ikùn sókè.

Tó bá pa “ọmọdé” yẹn rẹ́, tó kọ “abo, irú tí a kò mọ̀” dípò rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ rí i nìyẹn, òun sì ni orúkọ tọ́ sí. Ó fi ẹ̀mú yọ pépà náà, ó nù ún, ó mú rọ́bà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ. Pépà tó ti mu ọtí láti ọdún mọ́kàndínlógún kò fẹ́ wàhálà, ó ń bó.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́.”

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ọmọbìnrin náà ni.

“Ẹ dákun, ẹ bá mi ya apá ẹnu akọ yẹn. Mo ti yà á lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ̀pà ló ń jọ.”

“Ṣé awò ńlá kò lè yà á fún ọ ni?”

“Awò ò níṣòro, Bàbá. Àga yẹn ló ń bú mi. Bí mo bá ti jókòó, á ké.” Ó mí kanlẹ̀. “Ìgò tí mo ti yẹ̀ wò ti lé ní igba, mi ò rí abo kankan. Tiyín nìkan ni mi ò yẹ̀ wò. Ẹni tó ní ká yí ikùn sókè, kí ni mo fẹ́ tún yẹ̀ wò níbẹ̀?”

Bí Bàbá Onígò bá dákẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ á kọjá, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ó wo rọ́bà, ó wo ọmọ náà. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ kúrò.

“Yẹ eléyìí náà wò.”

Ọmọ náà tẹ̀ sí awò, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó ka pépà náà, ó tún kà á.

“Bàbá, ọmọdé yìí ti dàgbà o.”

“Ọdún mọ́kàndínlógún, ṣé kó má dàgbà?”

“Ta ló pa ibí rẹ́?”

“Owú ni. Dá a padà síbẹ̀ bó ṣe wà, kí o kọ tìrẹ tì í.”

Ọmọ náà fẹ́ sáré lọ bá ọ̀gá. Bàbá di ọrùn ìgò mú.

“Kọ́kọ́ lọ kó ẹrù rẹ kúrò lórí àga mi. Abo yìí, èmi ni mo máa yà á. Mi ò fẹ́ ẹ̀pà méjì nínú ìwé kan.”

Ìwé náà jáde. Ọmọbìnrin náà fi ògiri tó ti rí i sọ ọ́ lórúkọ, Bàbá sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé orúkọ náà kò dùn lẹ́nu. Àwọn àlejò ń wá wo ìgò kẹtàlélógójì. Bí wọ́n bá ti ń bọ̀, Bàbá á rọra yí i, kí pépà tirẹ̀ kọjú sí ògiri. Bí wọ́n bá lọ tán, ọmọbìnrin náà á yí i padà.